Tíkẹ́ẹ̀tì Oasis: Kì Í Ṣe Ọ̀wọ́n Ọjà Ni Ó Bí Àwọn Ènìyàn Nínú

Ẹni tí ó bá ti ná ọjà rí ní Bódìjà tàbí ní Mushin mọ òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Ọlọ́jà ní ẹ̀tọ́ láti pe iye tí ó bá wù ú, ẹni tí ó fẹ́ rà á náà ní ẹ̀tọ́ láti dúró ná an tàbí kí ó kọjá lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fẹnu kò, tí owó sì ti ń jáde lápò, ọlọ́jà kò gbọdọ̀ sọ pé iye ọjà ti yí padà. Ìjà ni yóò dá sílẹ̀. Òfin yìí gan-an ni àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ olórin Oasis sọ pé wọ́n rú mọ́ àwọn lójú ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ, ọdún 2024.

Oasis kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré. Ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti dìde, ọmọ ìyá méjì, Noel àti Liam Gallagher, ni òpó tí ó gbé ẹgbẹ́ náà ró. Nígbà tí òkìkí wọn kàn jù, ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1996, wọ́n fi alẹ́ méjì ṣeré ní Knebworth, 250,000 ènìyàn ni ó sì wò wọ́n. Àwọn tí ó béèrè fún tíkẹ́ẹ̀tì nígbà náà lé ní mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀. Ní ọdún 2009 ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí jà ní ìlú Paris, tí ẹgbẹ́ sì tú ká. Odidi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àwọn ènìyàn fi ń retí kí wọ́n parí ìjà. Nígbà tí wọ́n wá kéde pé àwọn yóò padà sórí ìtàgé ní ọdún 2025, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ ní Knebworth ti di bàbá ọlọ́mọ, ó sì fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ lọ wo ohun tí òun fi ń yangàn.

Láti àárọ̀ ọjọ́ tí títa bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti tò sórí ìlà nínú íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí ó ṣètò eré náà sọ pé mílíọ̀nù mẹ́wàá ènìyàn láti orílẹ̀-èdè 158 ni ó tò. Ọ̀pọ̀ wọn jókòó ti kọ̀ǹpútà fún wákàtí púpọ̀. Ìròyìn tí ó wà níta ni pé tíkẹ́ẹ̀tì ìdúró kò ju nǹkan bíi pọ́n-ùn 150 lọ. Nígbà tí ó kan àwọn kan nínú wọn láti rà, ohun tí wọ́n bá lójú kọ̀ǹpútà lé ní pọ́n-ùn 350. Àkókò kò sí láti ronú, nítorí bí ẹni tí ó wà níwájú bá lọ́ra, ẹlòmíràn yóò gbà á. Àwọn kan san án pẹ̀lú ìbínú, àwọn mìíràn sì fi omijé kúrò lórí ìlà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Oasis ní àwọn kò lọ́wọ́ sí bí wọ́n ṣe dá iye owó náà, pé àwọn olùṣètò eré àti àwọn alábòójútó àwọn ni ó ṣe é. Nígbà tí ó sì kan Amẹ́ríkà, wọ́n kéde pé àwọn kò ní lo irú ètò bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Àjọ CMA, tí ó ń mójú tó ìdíje àti ẹ̀tọ́ oníbàárà ní Britain, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí iléeṣẹ́ Ticketmaster ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Èrò gbogbo ayé ni pé kọ̀ǹpútà ni ó ń fowó kún owó bí èrò ṣe ń pọ̀ sí i, bí kọ̀ndọ́kítọ̀ dáńfó ṣe ń ṣe nígbà tí òjò bá ń bọ̀. Àjọ náà kò rí ẹ̀rí èyí. Ohun tí wọ́n rí ni pé iye owó méjì ni wọ́n ti dá sílẹ̀ ṣáájú fún tíkẹ́ẹ̀tì ìdúró. Wọ́n kọ́kọ́ ta èyí tí kò wọ́n, nígbà tí ó tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí ó wọ́n. Bákan náà, wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n pè ní “platinum” ní iye tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ti àwọn tí ó jọ ọ́, láìsí àǹfààní kankan tí ó fi jù wọ́n lọ.

Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni ó ń gbé owó sókè bí èrò ṣe ń pọ̀, a lè sọ pé ọlọ́jà pàápàá kò mọ ibi tí ọjà yóò já sí. Ṣùgbọ́n iye méjèèjì ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tò. Ẹni tí ń tà mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó ń dúró láti rà ni kò mọ̀.

Àwọn tí ń gbèjà ètò yìí ní ọ̀rọ̀ kan tí kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní bí tíkẹ́ẹ̀tì bá pọ́n ju bí ó ṣe yẹ lọ, àwọn tí ń rà á jọ láti tún un tà ní owó gọbọi ni yóò jèrè rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ní kí a fi iye owó pamọ́ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1996, tíkẹ́ẹ̀tì Knebworth jẹ́ pọ́n-ùn méjìlélógún àti ààbọ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó béèrè ni kò rí i rà, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè sọ pé iye owó yí padà mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹni tí kò rí ọjà rà yóò sọ pé kádàrá òun ni, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n tàn jẹ yóò rántí ẹni tí ó tan òun.

Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025, Ticketmaster fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú CMA. Bí wọ́n bá fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì ní iye tí ó ní ìpele, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní wákàtí mẹ́rìnlélógún ṣáájú. Wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn tí ó wà lórí ìlà mọ iye owó, wọn kò sì gbọdọ̀ fún tíkẹ́ẹ̀tì ní orúkọ tí yóò ṣi ènìyàn lọ́nà. Wọn kò bu owó ìtanràn lé wọn, wọn kò sì pàṣẹ kí wọ́n dá owó padà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ìjọba Britain kéde pé àwọn yóò fi òfin de títún tíkẹ́ẹ̀tì tà ju iye tí wọ́n rà á lọ. Àdéhùn ti CMA kò ní sọ ọ̀wọ́n di ọ̀pọ̀. Ohun tí ó dá padà ni ẹ̀tọ́ ẹni tí ó fẹ́ rà láti kọjá lọ kí ó tó fi ọjọ́ rẹ̀ ṣòfò.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé kí ni ó kan ọmọ Yorùbá nínú èyí, ìdáhùn kò jìnnà. Wizkid kún gbọ̀ngàn O2 ní Lọ́ńdọ̀nù fún alẹ́ mẹ́ta ní ọdún 2021, Asake tí ń fi èdè wa kọrin sì ṣeré níbẹ̀ ní ọdún 2023. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní Peckham náà ń tò sórí irú ìlà yìí. Òfin tí ó bá gba ọmọ Manchester lọ́wọ́ ẹ̀tàn, ó gba tiwa náà.

Àwọn àgbà ní àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Àwọn olólùfẹ́ ni ó sọ Oasis di ohun tí ayé ń dù, àwọn ni wọ́n sì dúró dè wọ́n fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n tún tò lọ́la, kí ó sọ iye ọjà rẹ̀ fún wọn lónìí.