Ká Kó Gáàsì Tó Ń Jóná Ná

Inú mi kì í dùn bí mo bá gbọ́ pé ó yẹ kí Nàìjíríà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wa gáàsì inú yìnyín lábẹ́ òkun. Níbi tí òkun ti jìn gan-an, òtútù àti ìwúwo omi máa ń sé gáàsì mọ́ inú omi dídì. Haidrétì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Bí kúbíkì mítà kan rẹ̀ bá yọ́, nǹkan bíi 160 kúbíkì mítà gáàsì ló ń tú jáde. Ọrọ̀ ńlá ni, àmọ́ ta ló ti gbé e dé ọjà?

Ní oṣù Kẹta ọdún 2013, Japan gbẹ́ kànga sí ìsàlẹ̀ òkun, wọ́n fa omi inú rẹ̀ kí ìwúwo tó tẹ yìnyín náà lè dín kù. Gáàsì jáde lóòótọ́. Kò ju ọjọ́ mẹ́fà lọ tí iyanrìn fi ya wọ kànga, iṣẹ́ bá dúró. Ṣáínà fa tirẹ̀ fún 60 ọjọ́ ní 2017, síbẹ̀ kò tíì di ohun títà. Japan fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní gáàsì nílẹ̀ rárá. Àìní ló lé e débẹ̀.

Àìní wo ló ń lé àwa? Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, òfin ọdún 1979 ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dáná sun gáàsì tó ń bá epo rọ̀bì jáde mọ́ láti oṣù Kìíní ọdún 1984, àfi ẹni tí mínísítà bá yọ̀ǹda fún. Ìyọ̀ǹda yẹn ni wọ́n ń rí sá sí títí wọ́n fi fagi lé òfin náà ní 2021. Iná náà ṣì ń jó ní Niger Delta, tọ̀sán-tòru, nígbà tó jẹ́ pé igi ni ọ̀pọ̀ ìyá wa ní Agbowa fi ń yan gàrí àti ẹja, tí èéfín ń ta wọ́n lójú. Ibùdó iná mànàmáná Egbin, ní Ìkòròdú tí kò jìnnà sí wa, gáàsì ló ń jẹ. 1,320 mẹ́gáwáàtì ni wọ́n kọ́ ọ fún, ṣùgbọ́n bí gáàsì kò bá dé, ẹ̀rọ a dákẹ́.

Àwọn kan á ní bí a kò bá kọ́ iṣẹ́ haidrétì báyìí, àlejò ni yóò wá wa tiwa. Ó dáa, kí yunifásítì máa kọ́ ọ. Àwọn tó ń wa epo lójú òkun kúkú mọ̀ ọ́n, torí ó máa ń dì mọ́ wọn nínú páìpù. Kíkọ́ ọ yàtọ̀ sí kíkó owó ìlú lé e. Páìpù àti ẹ̀rọ tí a fi ń kó gáàsì tó ń jóná kì í ṣe àwámáàrídìí. Láti 1999 ni Bonny ti ń kó gáàsì ránṣẹ́ sókè òkun. Òun ni kí ìjọba náwó lé, kó sì jẹ́ kó dé ìdí ààrò ní Agbowa.