Bí Abẹ́rẹ́ Bá Ba Èjìká Jẹ́, Ta Ni Yóò San Án?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá s'ójú ìwé l'óṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ẹ̀yìn ọjà tí a ti sọ títí tí ẹnu ń ro wá. Ọ̀rọ̀ èjìká ni.

Ṣebí gbogbo wa la mọ ohun tí èjìká ń ṣe fún wa. Òun la fi ń gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì kúrò n'ílẹ̀ kó tó dé orí. Òun la fi ń yan gàrí, òun la fi ń ro ọkà, òun la fi ń sọ ọmọ s'ẹ́yìn. Obìnrin tí apá rẹ̀ kò bá lè ga kọjá àyà mọ́, ọjà rẹ̀ ti di ọjà aláàárù: èrè tí ì bá kó lọ s'ílé ni yóò máa fi san owó ẹrù. Nítorí náà, ohun tó bá kan èjìká ọlọ́jà, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kàn.

Àwọn dókítà ti rí i pé abẹ́rẹ́ àjẹsára lè ba èjìká jẹ́ bí wọ́n bá gún un s'íbi tí kò yẹ. Ẹran apá tó nípọn ló yẹ kí abẹ́rẹ́ wọ̀, ní ìwọ̀n ìka 2 sí 3 sí ìsàlẹ̀ egungun ṣóńṣó èjìká. Bí wọ́n bá gún un s'ókè jù, ó lè wọ oríkèé lọ, níbi tí omi tó ń mú kí egungun yọ̀ wà. Ibẹ̀ á wú, á máa ro, apá á sì le gbagidi. Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. Kí apá máa ro ènìyàn fún ọjọ́ kan, tàbí ọjọ́ 2 sí 3 lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kò sí wàhálà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe gbogbo ayé. Èyí tí à ń sọ ni ìrora tó bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 48, tó kọ̀ tí kò lọ, tí oṣù ń gorí oṣù, tí ènìyàn kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ wé gèlè mọ́. Kò wọ́pọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kàn, kò ní í sọ pé kò wọ́pọ̀.

Ìbéèrè wa ni pé, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa, ta ni yóò san owó gbà-má-bínú?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe òfin kan l'ọ́dún 1986, ètò rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1988. Bí àjọ tí à ń dá l'ọ́jà yìí gan-an ló rí. Lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n bá tà, wọ́n á yọ sẹ́ńtì 75 fún àrùn kọ̀ọ̀kan tó ń dènà, wọ́n á kó o s'ínú àpò kan. Ẹni tí abẹ́rẹ́ bá ṣe ní jàǹbá, inú àpò yẹn ni wọn yóò ti san fún un. Oṣù Kẹta ọdún 2017 ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ èjìká s'ínú ìwé òfin náà. Bí ìrora bá bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 48, tí ó bá ju oṣù 6 lọ, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé kì í ṣe àìsàn mìíràn, ẹni náà kò nílò láti bá nọ́ọ̀sì ṣẹjọ́ pé ó jẹ̀bi. Ọdún 3 ni wọ́n fún un láti gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá. Owó ìrora kò gbọdọ̀ ju 250,000 dọ́là lọ, ṣùgbọ́n owó ìtọ́jú àti owó iṣẹ́ tó pàdánù wà lọ́tọ̀. Àpò yẹn náà ló ń san owó lọ́yà. Láti 1988 títí di ìsinsìnyí, owó tó ti jáde níbẹ̀ ti ju bílíọ̀nù 5 dọ́là lọ. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà l'Amẹ́ríkà, ẹ sọ fún wọn o: abẹ́rẹ́ Kòrónà kò sí nínú ètò yìí, ètò mìíràn ló wà fún un, ọdún kan péré ni wọ́n sì fún ènìyàn níbẹ̀.

Ní ìlú Ọba, wọ́n ní òfin tiwọn láti 1979. Owó kan náà ni wọ́n ń san fún gbogbo ẹni tó bá yẹ, 120,000 pọ́n-ùn. Ṣùgbọ́n ìpalára náà gbọ́dọ̀ tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó san kọ́bọ̀. Ṣé ẹ rí i, èjìká kan ṣoṣo kì í sábà dé ibẹ̀. Ibi gbogbo ni ti rẹ̀ ti ní àlébù, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ilẹ̀kùn kan wà tí ènìyàn lè kàn.

Níbí ńkọ́? Nígbà tí abẹ́rẹ́ Kòrónà kọ́kọ́ dé Nàìjíríà, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2021, nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 ni, láti ọwọ́ ètò COVAX. Nínú ọdún kan náà ni COVAX gbé àpò gbà-má-bínú kalẹ̀ fún orílẹ̀-èdè 92 tí agbára wọn kò tó, Nàìjíríà sì wà l'ára wọn. Ẹni tí abẹ́rẹ́ náà bá sọ di aláàbọ̀ ara títí ayé, tàbí ìdílé ẹni tó bá kú, lè kọ̀wé sí wọn láìsan owó, láìlọ kóòtù. Ẹ bi ara yín léèrè, mélòó nínú wa ló gbọ́ ọ nígbà náà? Ọkọ̀ agbóhùnsókè kọjá l'ọ́jà láti pè wá wá gba abẹ́rẹ́, ó dára bẹ́ẹ̀. Kò sí èyí tó kọjá láti sọ fún wa pé àpò kan wà. Abẹ́rẹ́ COVAX nìkan sì ni àpò náà wà fún. Abẹ́rẹ́ tí aboyún ń gbà, èyí tí ọmọ ìkókó ń gbà, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní apá láti oṣù Kẹwàá 2023 nítorí jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, Nàìjíríà kò ní àpò kankan fún wọn. Ẹni tó bá kàn, kóòtù ló kù.

Kóòtù náà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ rẹ̀. Obìnrin kan ní Benin ṣe iṣẹ́ abẹ torí pé ó ń wá ọmọ, abẹ́rẹ́ ìránṣọ kán s'í i nínú. Ó gbé dókítà àti ilé-ìwòsàn lọ sí kóòtù, ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù tó ga jù lọ, ní 2006 wọ́n sì dá a lẹ́bi. Abẹ́rẹ́ kù nínú ènìyàn o! Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí irin kù nínú ẹni kò fi hàn fúnra rẹ̀ pé dókítà ṣe àìbìkítà, ẹni tó pe ẹjọ́ ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá, obìnrin náà kò sì mú onímọ̀ kankan wá jẹ́rìí fún un. Bí ti irin tí ojú rí bá le tó báyìí, báwo ni ti èjìká tí ojú kò rí yóò ti rí?

Ẹ tún wo ti Kano. L'ọ́dún 1996, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yírunyírun, ilé-iṣẹ́ Pfizer láti Amẹ́ríkà dán oògùn tuntun kan wò l'ára àwọn ọmọdé. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn ìtọ́jú ni. Ọmọ 200 ni, àwọn 100 gba oògùn tuntun náà, àwọn 100 gba oògùn mìíràn. Ọmọ 11 kú. Ilé-iṣẹ́ náà ní àrùn ló pa wọ́n, kì í ṣe oògùn. Ọdún 2009 ni òun àti ìjọba Kano tó parí ìjà, lórí mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ọdún 2011 ni ìdílé 4 àkọ́kọ́ tó gba owó, 175,000 dọ́là ìdílé kọ̀ọ̀kan. Láti 1996 sí 2011, ọdún 15! Ọmọ tí wọ́n pọ̀n lọ sí ilé-ìwòsàn, ì bá ti di géńdé.

Àwọn kan nínú wa ń sọ pé ká má dá irú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ l'ọ́jà, pé àwọn ènìyàn á bẹ̀rù, wọn kò ní í gba abẹ́rẹ́ mọ́. A gbọ́, ọ̀rọ̀ gidi ni. Àwa náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sá fún abẹ́rẹ́. Àwọn ìyá wa àgbà mọ ohun tí ilẹ̀ gbígbóná ṣe fún ìdílé. Àjẹsára ló lé e lọ, 1980 ni wọ́n kéde pé ó ti tán l'áyé. Ṣùgbọ́n ẹ wo Kano lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní 2003 àwọn ará ibẹ̀ kọ abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀, èyí tí wọ́n ń kán s'ọ́mọ l'ẹ́nu, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan. Rọpárọsẹ̀ gba Kano jáde, ó tún dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ara ohun tó fa àìgbàgbọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ 1996 tí kò tíì rí ìdáhùn. Kì í ṣe sísọ̀rọ̀ ló ń lé ènìyàn sá fún abẹ́rẹ́. Ẹni tó fara pa tí kò rí ẹni dá a lóhùn ló ń lé àwọn ará àdúgbò rẹ̀ sá. Bí a bá mọ̀ pé bí nǹkan bá yíwọ́, ẹnìkan yóò dúró tì wá, àyà wa á balẹ̀ láti na apá.

Àwọn mìíràn ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, pé àwọn nọ́ọ̀sì yìí ọmọ wa ni. Òótọ́ ni. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyí tí àwa fi fẹ́ àpò ju kóòtù lọ. Àpò kò wá ẹni tí yóò jẹ̀bi. Ó ń tọ́jú ẹni tó fara pa, nọ́ọ̀sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ọ̀rẹ́ kò bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n kí àpò tó dé, ẹ jẹ́ ká gbọ́n. Ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan lè ṣe rèé.

Bí ẹ bá fẹ́ gba abẹ́rẹ́, ẹ jókòó, ẹ bọ́ aṣọ kúrò l'éjìká pátápátá. Ẹ má kàn fa ọrùn bùbá s'ílẹ̀ díẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ṣe ń ga jù. Ó dára kí nọ́ọ̀sì náà jókòó. Kò sí ìwọ̀sí nínú kí ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ṣé kò ga jù?"

Ẹ gba káàdì yín, ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Kí ọjọ́, orúkọ abẹ́rẹ́ àti nọ́ńbà tó wà l'ára ìgò rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ rántí apá wo ni, ọ̀tún tàbí òsì.

Bí ìrora bá kọjá ọjọ́ mélòó kan tí apá kò ṣeé gbé, ẹ padà sí ilé ìlera náà, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ s'ílẹ̀. Wọ́n ní fọ́ọ̀mù fún ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ lọ rí dókítà, ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má fi àgúnmu àti ìpara nìkan lo oṣù 3. Ẹ̀rí tí kò sí nínú ìwé, kóòtù kò mọ̀ ọ́n.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ti àkókò. Òfin kan wà tí àwọn lọ́yà ń pè ní Public Officers Protection Act. Ẹni tó bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba l'ẹ́jọ́ lórí iṣẹ́ tó ń ṣe fún ìjọba, oṣù 3 péré ni òfin náà fún un. Ara Amẹ́ríkà ní ọdún 3, àwa ní oṣù 3! Kí ẹlòmíràn tó parí àdúrà àti ìpara, àkókò á ti lọ. Nítorí náà, ẹ tètè rí lọ́yà, kó sọ fún yín bí òfin náà bá kan ọ̀rọ̀ yín. Ẹni tí kò bá l'ówó lọ́yà, Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Abẹ́òkúta, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fi l'élẹ̀ lọ, èyí tó di 70,000 náírà ní 2024.

Ti ẹgbẹ́ wa ńkọ́? Èrò wa ni kí ẹgbẹ́ ra ìwé ńlá kan, kí a máa kọ orúkọ ẹni tí abẹ́rẹ́ bá ṣe ní nǹkan s'ínú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí akọ̀wé sì tẹ̀lé e lọ sí ilé ìlera láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí Ìyálọ́jà wa bá àwọn Ìyálọ́jà Ìtòrí àti Pápáláńtò sọ̀rọ̀, kí a jọ kọ lẹ́tà kan sí ìjọba ìbílẹ̀ Ẹwẹ́kórò, kí ẹ̀dà rẹ̀ dé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin l'Ókè-Mọsàn, pé kí wọ́n dá àpò gbà-má-bínú sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí wọ́n bá ní kò sí owó, kí a sọ fún wọn pé àwa tí à ń dá àjọ l'ọ́jà mọ̀ pé ohun tí kò wọ́pọ̀ kì í ná ni l'ówó púpọ̀, bí gbogbo ènìyàn bá fi díẹ̀díẹ̀ s'ílẹ̀.

Àgbà kì í wà l'ọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ìjọba bá tún pè wá wá gba abẹ́rẹ́, a óò lọ, a óò sì kó àwọn ọmọ wa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ká na apá, kó múra láti dá wa lóhùn bí apá kò bá ṣeé gbé mọ́. A óò gbé ọ̀rọ̀ yìí wá s'ípàdé gbogbogbò tó ń bọ̀. Ẹ wá, kí ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ yín dání, ẹni tí tiẹ̀ ti sọnù kó wá sọ ọ́.

Ajé á wá o, èjìká wa kò ní í rọ.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́