Ìgbìmọ̀ Tí Yóò Máa Bọ́ Ara Rẹ̀

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, lẹ́tà kan jáde láti Ọ́fíìsì Ìṣúná Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá, nígbà tí Ben Akabueze jẹ́ ọ̀gá àgbà níbẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní láísẹ́ǹsì ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ó ní bó bá ti di 31 oṣù Kejìlá 2026, ìjọba kò ní í fi kọ́bọ̀ sínú ìṣúná fún wọn mọ́. Owó oṣù òṣìṣẹ́ wọn, owó iná, owó ilé tí wọ́n bá fẹ́ kọ́, kí wọ́n wá a fúnra wọn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ọ̀rọ̀ Àbújá ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ kò ní oko, kò sì ní ọjà tó ń tà. Ọ̀dọ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìgbìmọ̀ nìkan ló ti lè rówó, ẹni náà sì wà ní Ùgbè-Àkókó níbí. Òun ni tíṣà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, ìgbìmọ̀ àwọn tíṣà. Òun ni nọ́ọ̀sì tó ń gun ọ̀kadà lọ sẹ́nu iṣẹ́ ní Ìkàrẹ́. Òun ni ẹni tó ni kẹ́mísìtì, tí à ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru nígbà tí ara ọmọ bá gbóná, tó sì gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì tuntun lọ́dọọdún lọ́wọ́ PCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ oògùn títà.

Ẹ jẹ́ ká mú nọ́ọ̀sì. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ló ń sọ láísẹ́ǹsì rẹ̀ dọ̀tun. Kó tó lè ṣe é, ó gbọ́dọ̀ lọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ dandan, kó sì sanwó rẹ̀. Bó bá jẹ́ Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é, owó ọkọ̀ láti Àkókó wà ńbẹ̀, owó ibi tí yóò sùn wà ńbẹ̀, iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Ohun tó ń jáde lápò rẹ̀ ju iye orí fọ́ọ̀mù lọ. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn aládàáni ńlá ní Ìkòyí ń san iye kan náà fún fọ́ọ̀mù yẹn, ṣùgbọ́n owó oṣù wọn kò jọra rárá.

Mi ò sọ pé kí ìgbìmọ̀ má gbowó. Iṣẹ́ wọn ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ẹni tí òfin fún lágbára láti dá iye lé èèyàn, tí ẹni tó ń san án kò sì ríbòmíràn lọ, gbọ́dọ̀ jíhìn bí ẹni tó ń gba owó orí.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju owó fọ́ọ̀mù lọ ni irú ìgbìmọ̀ tí ebi lè sọ wọ́n dà. Nínú iṣẹ́ wọn, àwọn kan ń mówó wọlé: ìdánwò, ìforúkọsílẹ̀, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sókè òkun. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ń jẹ owó: kí wọ́n ṣàyẹ̀wò ilé ìwòsàn aládàáni ní ìlú kékeré, kí wọ́n lé ayédèrú dókítà, kí wọ́n jókòó gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí àìbìkítà rẹ̀ pa aláìsàn. Bí owó bá wọ́n, èwo ni wọn yóò kọ́kọ́ pa tì? Àwa tí a jìnnà sí olú ìlú ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń mówó wọlé náà kì í ṣe ohun kékeré fún wa. Nínú oṣù Kejì 2024, àwọn nọ́ọ̀sì jáde fi ẹ̀hónú hàn ní Àbújá àti Èkó nígbà tí ìgbìmọ̀ wọn sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ọdún méjì kó tó lè jẹ́rìí ìwé wọn fún ìgbìmọ̀ òkè òkun. Ìwé kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n oúnjẹ ọ̀pọ̀ ilé ló wà lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà ńbẹ̀. Ní ìparí 2023, Ilé Iṣẹ́ Ìṣúná Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n máa yọ ìdajì owó tí ọ̀pọ̀ àjọ ìjọba ń pa wọlé sí àpò ìjọba lójú ẹsẹ̀. Bí irú àṣẹ yìí bá kan ìgbìmọ̀ tí wọ́n ní kó máa bọ́ ara rẹ̀, tíṣà Ùgbè ni yóò bọ́ ìgbìmọ̀, tí yóò sì tún bọ́ Àbújá. Ìwà ìrẹ́jẹ nìyẹn.

Àwọn lọ́yà wa ti ṣe ohun tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ọdún púpọ̀, lọ́yà tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́ ń san ₦5,000, SAN, ìyẹn lọ́yà àgbà, ń san ₦50,000. Òfin wọn sọ ibi tí owó náà ń lọ pẹ̀lú: ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá di ti ẹgbẹ́ wọn, NBA.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NMC, ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀, ń gba £76 lọ́dún lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan títí di 2013. Ó fẹ́ sọ ọ́ di £120. Ìjọba fún un ní mílíọ̀nù £20, ó sì fi mọ sí £100. Ní 2015 ó padà di £120, inú sì bí àwọn nọ́ọ̀sì gidigidi. Ṣùgbọ́n wọ́n rí ohun tí wọ́n fi jiyàn, nítorí ọdọọdún ni ìṣirò owó NMC ń dé iwájú ilé aṣòfin. Ẹni tó bá kà á yóò rí i pé gbígbọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ló ń gba owó jù.

Ẹgbẹ́ télọ̀ ìlú wa kò kàwé tó àwọn ọ̀gá Àbújá. Síbẹ̀, akápò wọn ń dìde nípàdé, ó ń ka iye tó wọlé àti iye tó jáde, ẹni tí kò yé sì ń béèrè. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ìyẹn lọ. Kí ìgbìmọ̀ kankan tó fi náírà kan lé owó láísẹ́ǹsì, kó tẹ ìṣirò owó rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé. Kó wo owó oṣù ẹni tó ń san án. Kó gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wá sí Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà.

Ẹ̀yin tíṣà inú ẹgbẹ́ NUT, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ NANNM, ẹ̀yin oníkẹ́mísìtì Àkókó, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé yín tó ń bọ̀, kí ẹ sì kọ̀wé béèrè ìṣirò owó náà. Ẹ má dúró dìgbà tí fọ́ọ̀mù tuntun bá jáde.