Nọ́ọ̀sì Àyálò: Kí Ni Ó Yẹ Kí A Bèèrè Kí A Tó Gbà Á?

 

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ìyá kan wá bá mi ní ojú fèrèsé tí mo ti ń pín oògùn ní Adó-Èkìtì níbí. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni ó ni ilé ìwòsàn kékeré kan ní ìlú yìí. Kò wá gba oògùn rárá. Ó ní, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Nọ́ọ̀sì mẹ́ta ni a ní tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ti lọ sí ìlú Òyìnbó, ọ̀kan bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Èkó, ẹyọ kan tí ó ṣẹ́kù kò sì lè ṣe ọ̀sán kí ó tún ṣe òru. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń bá ènìyàn wá òṣìṣẹ́ ní àwọn yóò máa fi nọ́ọ̀sì méjì ránṣẹ́ sí wa, kí a máa san owó fún àwọn lóṣooṣù. Ṣé kí a gbà?"

Mo ní kí wọ́n gbà, bí àwọn tí ń bọ̀ bá jẹ́ ẹni tí a lè mọ̀. Ó wò mí bí ẹni pé àlọ́ ni mo pa fún un. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ti ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò mọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó ni ilé ìwòsàn. Ìyá yín tàbí ọmọ yín ni yóò wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní òru tí nọ́ọ̀sì àyálò bá wà lẹ́nu iṣẹ́.

Pé nọ́ọ̀sì kò tó, èyí kì í ṣe àròsọ. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka orílẹ̀-èdè 55 tí àìtó òṣìṣẹ́ ìlera ń bá fínra jù lọ, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ tí ń ṣe àkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní ilẹ̀ wa ṣe òfin pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún òkè-òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn tí ó ti gba ìwé àṣẹ. Inú bí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì. Èmi kì í bú ẹni tí ó lọ. Nínú àwọn tí a jọ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, bí mo bá ní kí n ka àwọn tí ó kù ní Èkìtì, ìka ọwọ́ kan tó mi.

Yíyá ọwọ́ ẹlòmíràn lò kì í ṣe ohun tuntun, kì í sì í ṣe ohun ìtìjú. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn ní ọdún 1957, Òyìnbó ni mátírọ́nì ibẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ó sì yá, Kọ́fowórọlá Abẹ́ní Pratt, ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ mátírọ́nì níbẹ̀.

Ti ọdún 2009 sún mọ́ wa jù ú lọ. Ìjọba àpapọ̀ kó àwọn agbẹ̀bí jọ, àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwọn tí kò rí iṣẹ́ àti àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì rán wọn sí àwọn ibùdó ìlera ìgbèríko káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà, mẹ́rin mẹ́rin sí ibì kan, kí aláboyún lè rí agbẹ̀bí tọ̀sán tòru. Ètò náà dára lójú mi. Ibi tí ó ti já ni owó. Ìjọba àpapọ̀ ni yóò san apá kan, ìjọba ìpínlẹ̀ yóò san apá kan, ìjọba ìbílẹ̀ yóò san èyí tí ó kù. Ní ọ̀pọ̀ ibi, apá méjì ìkẹyìn kò wọlé déédéé, ilé tí wọn yóò gbé kò sì rọrùn láti rí. Ẹ fojú inú wo agbẹ̀bí tí kò mọ ẹnìkan ní abúlé, tí owó rẹ̀ kò sì pé. Ṣé yóò dúró?

Nítorí náà ni mo fi sọ fún ìyá yìí pé kí ó bèèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, nínú owó tí òun yóò máa san, èló ni yóò dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, ọjọ́ wo ni yóò sì dé e. Bí ó bá kéré jù, nọ́ọ̀sì náà yóò ti ṣiṣẹ́ ọ̀sán níbòmíràn kí ó tó wá ṣe òru lọ́dọ̀ yín. Ẹni tí kò sùn láti ìdájí kò yẹ kí ó máa wọn oògùn sínú abẹ́rẹ́.

Ìwé àṣẹ ńkọ́? Aṣọ funfun kò fi nǹkan kan hàn, nítorí télọ̀ èyíkéyìí lè rán an. Gbogbo nọ́ọ̀sì tí ó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà ni ó ní nọ́ńbà lọ́dọ̀ àjọ tí mo dárúkọ yẹn, ó sì gbọ́dọ̀ máa sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ gba nọ́ńbà náà, kí ẹ wádìí rẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi fọ́tò inú fóònù tàn yín. Àwọn ọmọbìnrin tí dókítà kọ́ níṣẹ́ fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní auxiliary, èmi kò fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Wọ́n lè wẹ aláìsàn, wọ́n lè bọ́ ọ, wọ́n lè tún bẹ́ẹ̀dì ṣe, iṣẹ́ gidi sì ni. Ṣùgbọ́n kí a fi wọ́n sí òru láìsí ẹlòmíràn, kí wọ́n máa gún abẹ́rẹ́, kí wọ́n máa gbẹ̀bí, èyí léwu. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ó kọ́ṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlera Ìjerò-Èkìtì yàtọ̀ sí wọn. Àwọn wọ̀nyí ní ìwé àṣẹ tiwọn àti iṣẹ́ tí a kọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí ó ń dùn mí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan tí n kò ní dárúkọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì àyálò kan dé láti Akúrẹ́. Ìwé rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ sì jọ ti ẹni tí ó mọ iṣẹ́. Èmi ni mo yẹ kí n fa wọ́ọ̀dù lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ Ìyìn ti ń kún. Mo ní, "Àǹtí, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé," mo sì gbé báàgì mi. Bàbá kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin tí ó ti sọ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀ pé oògùn onísọ́fà máa ń bá òun jà. Mo kọ ọ́, àní mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n inú ojú ìwé kejì ni mo kọ ọ́ sí, kì í ṣe iwájú. Ní òru, dókítà ní kí wọ́n fún bàbá ní Septrin. Nọ́ọ̀sì náà wo iwájú ìwé, kò rí nǹkan kan, ó fún un. Kí wákàtí méjì tó pé, ètè àti ìpéǹpéjú bàbá ti wú.

Ó yára pe dókítà, wọ́n gún bàbá ní abẹ́rẹ́, ó sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Bàbá yè. Nígbà tí mo dé ní òwúrọ̀, ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni pé, "Ẹ rí nọ́ọ̀sì àyálò!" Mo gbọ́, mo sì dákẹ́. Ọjọ́ méjì ni mo fi dákẹ́ kí n tó sọ òtítọ́ fún dókítà. Mo wá arábìnrin náà lọ sí Akúrẹ́ láti bẹ̀ ẹ́. Ó dárí jì mí, ṣùgbọ́n kò tẹ ilé ìwòsàn yẹn mọ́.

Láti ìgbà náà, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bèèrè nípa nọ́ọ̀sì àyálò ni ààbọ̀ wákàtí. Bí àdéhùn bá ní kí ó wọlé ní aago méje, kí ẹni tí ó wà níbẹ̀ sì jáde ní aago méje náà, àwọn méjèèjì kò ní rí ara wọn. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹ ó sanwó ààbọ̀ wákàtí fún àwọn méjèèjì, kí wọ́n fi rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n sì fi ẹnu sọ ohun tí ó wà nínú ìwé. Kí ẹ sì bèèrè pé ẹnìkan náà ni kí wọ́n máa rán wá. Ẹ̀yin ẹbí aláìsàn, ẹ má tijú. Bí nọ́ọ̀sì òru bá dé, ẹ bèèrè orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì tún sọ oògùn tí ń bá ènìyàn yín jà fún un, bí ẹ tilẹ̀ ti sọ ọ́ ní àárọ̀.

Ní ìlú Òyìnbó, kí ilé ìwòsàn ìjọba tó ké sí ilé-iṣẹ́ tí ń pèsè òṣìṣẹ́, wọ́n ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní báǹkì, tí kì í ṣe ti owó. Orúkọ àwọn nọ́ọ̀sì tí ó mọ ilé ìwòsàn náà dáadáa ni, tí wọ́n sì fẹ́ fi wákàtí díẹ̀ kún iṣẹ́. Àwọn ni wọn yóò kọ́kọ́ pè, nítorí ti ilé-iṣẹ́ máa ń wọ́n jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ń ṣe é níbẹ̀. Kí ló dé tí àwọn ilé ìwòsàn Adó, Ìkẹ́rẹ́ àti Ìyìn kò lè fọwọ́ sowọ́ pọ̀ ṣe irú rẹ̀? Ẹni tí ó bá wọ iṣẹ́ ìjọba ní ọmọ ọdún 22, tí ó sì ṣe ọdún 35, ọmọ ọdún 57 ni yóò fẹ̀yìn tì, agbára sì wà lára rẹ̀. Bí ìyá arúgbó bá fi ẹnu Èkìtì sọ ibi tí ń dùn ún, yóò gbọ́ ọ kíá ju ọmọ tí wọ́n rán wá láti Èkó lọ. Ẹ má ṣáà fi wọ́n sí òru márùn-ún léraléra o, ẹ̀yìn ń dun àgbà.

Ìyá náà padà wá ní ọjọ́ Ẹtì. Ilé-iṣẹ́ yẹn fi nọ́ńbà ìwé àṣẹ ẹnìkan ránṣẹ́. Wọ́n ní ti ẹnì kejì "ń bọ̀ lọ́nà." Ó ní òun gba ẹyọ kan tí òun rí nọ́ńbà rẹ̀. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ mátírọ́nì kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ń gbé ní Bàsìrì. Mátírọ́nì ní òun yóò ṣe òru mẹ́ta lọ́sẹ̀, bí wọ́n bá lè máa fi mọ́tò gbé òun padà sílé ní òwúrọ̀.