"Furnitures" àti Gàrí Kóńgò Méjì



Ní ọjọ́ kan tí mo wọ ọkọ̀ ojú omi láti Kétu lọ sí Agbóyì, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń múra ìdánwò WAEC ń ka àròkọ rẹ̀ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí. Bí ó ti pe "furnitures", ọkùnrin kan kígbe pé, "Gbàgáùn!" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà pa ìwé dé, kò sì ṣí i mọ́ títí a fi gúnlẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé kò sí ẹni tó sọ fún un ìdí tí ọ̀rọ̀ náà kò fi tọ̀nà.

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-orúkọ kì í yí padà nítorí iye: ìwé kan, ìwé mẹ́wàá, àwọn ìwé. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, "s" ni a ń fi kún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ọmọ tó ń kọ "furnitures", "equipments" àti "informations" kì í ṣe òmùgọ̀. Òfin tó kọ́ ló tẹ̀ lé kọjá ààlà.

Bẹ́ẹ̀, ohun tí yóò fi lóye rẹ̀ wà nílé. Ta ni ń dé ọjà Mile 12 tí yóò ní, "Ẹ wọn gàrí méjì fún mi"? Gàrí kóńgò méjì ni à ń rà. Ojú tí a fi ń wo gàrí ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń wo "furniture": kò gba "s", kò sì ṣeé kà láìsí ohun tí a ó fi kà á. "Two pieces of furniture" ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni "two pieces of advice".

Àwọn kan yóò ní Gẹ̀ẹ́sì ti di tiwa, kí a máa kọ ọ́ bó ṣe wù wá. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀-èdè Oxford gba ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà 29 wọlé. "Next tomorrow", ọ̀túnla tiwa, wà lára wọn. Ṣùgbọ́n nínú àròkọ WAEC, máàkì 10 wà fún gírámà, àkọtọ́ àti ìfàmì-sí, ìdajì máàkì sì ni àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ń gbé lọ. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ẹni tó bá mọ ilé méjèèjì ni kì í ṣìnà.

Èrò tèmi ni pé kí òbí àti olùkọ́ fi àlàyé rọ́pò yẹ̀yẹ́. Èdè àkọ́kúntẹni ni Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe òṣùwọ̀n ọgbọ́n. Ẹni tó bá sì ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣẹ̀sín nítorí "s" kan ṣoṣo, kí ó kọ́kọ́ mú bírò, kí ó fi àmì ohùn tó yẹ sí orúkọ ara rẹ̀.