Ẹ Má Fi Asẹ́ Lé Àlejò Lọ́wọ́

Ẹni tó ni dátábéèsì ló yẹ kó pinnu òpó tí ará ìta lè fi sẹ́ èsì API, pàápàá nígbà tí òpó náà bá wà nínú tábìlì mìíràn tó so mọ́ èyí tí a ń béèrè. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ òde òní ti sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Oníbàárà á kọ orúkọ òpó tó wù ú sínú àdírẹ́sì, á ti ara àpilẹ̀kọ bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́, á sì ti ibẹ̀ wọ inú àkọsílẹ̀ ẹni náà. Ìrọ̀rùn ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀kùn tí kò ní àgádágodo ni mo pè é.

Wọ́n ní kò séwu, pé òpó ìkọ̀kọ̀ kì í sáà jáde nínú èsì. Ọ̀rọ̀ Strapi, ọ̀kan nínú irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ní 2023 já irọ́ yẹn. Àṣìṣe tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bíi CVE-2023-22894 jẹ́ kí ènìyàn fi òpó ìkọ̀kọ̀ sẹ́ èsì, kí ó sì ti ara ohun tó jáde mọ tókìnì tí a fi ń yí pásíwọ̀ọ̀dù padà. Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo ní kí wọ́n kó àpilẹ̀kọ tí tókìnì òǹkọ̀wé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "a" wá. Bí àpilẹ̀kọ bá jáde, bẹ́ẹ̀ ni. Bí òfìfo bá jáde, bẹ́ẹ̀ kọ́, mo bọ́ sórí "b". Tókìnì oní-àmì 40, tí àmì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀kan nínú 16, kò lè gbà ju ìbéèrè 640 lọ. Kò sẹ́ni tó fi tókìnì hàn mí, síbẹ̀ ó ti wà lọ́wọ́ mi.

Àwọn mìíràn ní kíkọ orúkọ òpó tí a gbà láàyè sórí àtẹ lọ́kọ̀ọ̀kan ń dá iṣẹ́ dúró, pé ẹni tó ń ṣe ojú áàpù á máa wá tọrọ òmíràn ṣáá. Kó máa wá. Ìgbà tó bá wá ni a ó rí àyè yẹ ìsopọ̀ náà wò, torí ó ní ewu tí kò kan olè rárá. Bí a bá fi JOIN so ìwé mọ́ èrò àwọn òǹkàwé, ìwé tí èrò mẹ́ta bá ìbéèrè mu á jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta, iye èsì á sì dàrú. EXISTS ló yẹ ibẹ̀, ará ìta kò sì lè mọ̀. Ti ẹni tó ní kí a kó gbogbo èsì ránṣẹ́, kí fóònù sẹ́ ẹ fúnra rẹ̀, ìyẹn ti gbé odidi ìkòkò fún àlejò. Ìlà kóòdù kan péré ni òpó kọ̀ọ̀kan ń gbà: orúkọ òǹkọ̀wé, ó wọlé, ìlú rẹ̀, ó wọlé, tókìnì rẹ̀ kò sí lórí àtẹ.