Ẹ̀rọ tí ó rí olè, ṣùgbọ́n tí kò lè fi í hàn

Ní Dassa-Zoumè, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè ní Igbó Ìdáàṣà, ọ̀nà tí ó ti Cotonou wá pín sí méjì. Ọ̀kan ń lọ sí Parakou, èkejì gba Savalou lọ sí Natitingou. Irú oríta bẹ́ẹ̀ a máa mú kí ọjà tà, a sì máa kó àjèjì wọ̀lú. Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì bá ń lọ sí ihò òkúta Arigbo láti bọlá fún Màríà Wúńdíá, èrò a kún àárín àwọn òkè náà. Kò yani lẹ́nu bí oníṣọ́ọ̀bù, olótẹ́ẹ̀lì àti olóògùn bá ń fẹ́ kámẹ́rà tí yóò máa ṣọ́ ibi iṣẹ́ wọn.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á. Wọ́n á bèèrè iye owó, wọ́n á bèèrè bóyá àwòrán mọ́ kedere. Ìwọ̀nba ni ó ń bèèrè pé: “Bí olè bá wọlé ní òru àná, báwo ni èmi fúnra mi yóò ṣe rí i? Báwo ni màá ṣe yọ àwòrán náà fún ọlọ́pàá?” Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ó ṣáájú.

Kámẹ́rà kàn jẹ́ ojú ni. Inú àpótí kan tí okùn kámẹ́rà wọ̀ ni àwòrán ń gbé, àpótí náà kì í sì í pa á mọ́ títí ayé. Ká sọ pé kámẹ́rà mẹ́rin ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ giga 20 lójúmọ́, giga kan náà tí à ń rà sórí tẹlifóònù. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò jẹ giga 80. Bí àpótí bá gba giga 1000, yóò kún kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Láti ìgbà náà lọ, yóò máa pa àwòrán àtijọ́ rẹ́ láti rí àyè fún tuntun. Arìnrìn-àjò tí báàgì rẹ̀ sọnù ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, tí ó délé kí ó tó fi ẹjọ́ sùn, lè gbọ́ ní òpin oṣù pé àwòrán ọjọ́ náà kò sí mọ́.

Aago náà ń fa ìjàngbọ̀n. Ṣáínà ni a ti ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, aago Ṣáínà sì fi wákàtí méje ṣáájú ti Benin. Bí ẹni tí ó so ẹ̀rọ kò bá tún aago rẹ̀ ṣe, olè tí ó wọlé ní aago méjì òru lè hàn nínú àwòrán bí ẹni tí ó wọlé ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Agbẹjọ́rò olè yóò fi ìyẹn ṣe àwàdà ní ilé ẹjọ́.

Àwọn ẹ̀rọ kan sì tún wà tí ń pa àwòrán mọ́ lọ́nà tí tiwọn nìkan lè ṣí. Onílé á kó o sínú clé USB, á gbé e dé àgọ́ ọlọ́pàá, kọ̀ǹpútà ibẹ̀ á sì kọ̀ ọ́. Kì í ṣe ilẹ̀ Áfíríkà nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2005, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí ohun tí àwọn ọlọ́pàá ń fẹ́ lára kámẹ́rà ìṣọ́: kí àwòrán mọ́, kí ó pẹ́ ní ìpamọ́, kí ó ṣeé yọ jáde, kí ó ṣeé wò. Ní 2012, àjọ ISO fi ìlànà lélẹ̀ fún gbogbo ayé lórí yíyọ àwòrán jáde. Olùtajà ní Dassa kò ní àwíjàre: kí ó ta ẹ̀rọ tí àwòrán rẹ̀ ń jáde ní MP4, èyí tí tẹlifóònù lásán lè ṣí.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ náà lè wà ní Bohicon tàbí Cotonou, òun nìkan ni ó sì mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí ń ṣí àpótí. Kí ó tó dé, àpótí ti lè pa ohun tí à ń wá rẹ́. Òótọ́ ni pé Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ ń sọ. Síbẹ̀, ẹni tí ó ti kọ́ láti ka nọ́ńbà lè ka ọjọ́ àti wákàtí. Ohun tí ó kù ni pé kí olùtajà kọ ìgbésẹ̀ yòókù sórí ìwé kan ní èdè tí oníbàárà ń kà, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọ̀rọ̀ àṣírí nìkan ni kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Onílé ni kí ó tọ́jú rẹ̀.

Ojú àwọn ẹlòmíràn wà nínú àwòrán náà pẹ̀lú. Òfin 2017-20 ti ọdún 2018 lórí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ ìgbàlódé dáàbò bo ìwífún tí ó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ní Benin, àjọ APDP ni ó sì ń mójú tó o. Ọlọ́pàá ni kí a yọ àwòrán fún, kì í ṣe àwọn ọ̀rẹ́ lórí WhatsApp.

Ọjọ́ tí a bá so ẹ̀rọ ni kí a dán an wò. Kí oníbàárà fúnra rẹ̀ wá àwòrán ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, kí ó yọ ọ́ sínú clé USB, kí ó sì ṣí i níwájú olùtajà kí ó tó san owó tí ó kù.